Kí ló dé tí Delaunay ń fún mi ní nọ́ńbà mẹ́rin dípò mẹ́ta?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń bá sọ́féyọ̀ kan ṣiṣẹ́ níbí ní Ìlọrin, ilẹ̀ kan tó rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò Asà la wọ̀n. Ó kó fáìlì CSV (nọ́ńbà tí wọ́n fi kọ́mà pín) fún mi, pọ́ìntì 1,214 ló wà nínú ẹ̀, ó ní kí n fi Python, èdè kọ̀ǹpútà yẹn, so ó pọ̀ kó di ojú ilẹ̀ tí oníbàárà lè máa yí wò lórí láptọ́ọ̀pù. Mo da gbogbo ẹ̀ sínú Delaunay, irinṣẹ́ tó ń so pọ́ìntì pọ̀ nínú SciPy (láíbìrì, ìyẹn àkójọ kóòdù, fún ìṣirò), kò sọ pé àṣìṣe kankan wà, àmọ́ nọ́ńbà mẹ́rin mẹ́rin ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé mẹ́ta ló yẹ kó jẹ́. Nígbà tí mo ṣí i wò, ó rí wúruwùru bí ìtẹ́ ẹyẹ. Níbo ni mo ti ṣì í? Ìkejì, mo fi fóònù ya ìkòkò amọ̀ Dàda tí ìyá mi àgbà ń lò yíká, áàpù kan sọ ọ́ di pọ́ìntì, ṣé kóòdù yìí náà lè ṣe é?

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú iṣẹ́. Kóòdù ẹ ò ṣe àṣìṣe kankan, ohun tó o ní kó ṣe gan-an ló ṣe. Kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta lo kó fún un, ó wá gbà pé nǹkan tó nípọn, tínú ẹ̀ kún, lo fẹ́, ló bá ń to àwọn nǹkan kéékèèké tórí wọn ṣọnṣo bíi mọ́ín-mọ́ín inú ewé síbẹ̀ títí gbogbo inú ẹ̀ fi kún, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní igun mẹ́rin, nọ́ńbà mẹ́rin tó ò ń rí nìyẹn. Ìwọ sì rèé, ojú ilẹ̀ nìkan lò ń wá.

Kó o tó fọwọ́ kan kóòdù rárá, bi ara ẹ pé ṣé aṣọ ni nǹkan tó wà níwájú mi yìí àbí ìkòkò. Ilẹ̀ dà bí aṣọ tí wọ́n dà bo iṣu, ó lè ga níbí kó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, àmọ́ ibi yòówù tó o bá ti gún un láti òkè, ẹ̀ẹ̀kan péré labẹ́rẹ́ máa kan aṣọ. Ìkòkò ò rí bẹ́ẹ̀, tó o bá gún un láti òkè, abẹ́rẹ́ á kan èjìká ẹ̀, á tún lọ kan ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, torí ẹ̀ ni mi ò ṣe ní fi kóòdù kan dáhùn ìbéèrè ẹ méjèèjì.

Ilẹ̀ ló yá jù, ká kọ́kọ́ ṣe é. Kọ́lọ́ọ̀mù méjì péré ni kó o fún Delaunay, bíi pé ò ń wo ilẹ̀ náà láti ojú ọ̀run, ó máa so àwọn pọ́ìntì pọ̀ ní onígun mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn náà kó o wá fi gíga wọn sí i padà. Báyìí:

import numpy as np
from scipy.spatial import Delaunay

p = np.loadtxt("ile.csv", delimiter=",", usecols=(2, 1, 3))
ibere = p[:, :2].min(axis=0)
p[:, :2] -= ibere
awon = Delaunay(p[:, :2]).simplices
print(awon.shape)

Tó o bá ti rí 3 lápá ọ̀tún nínú ohun tó tẹ̀ jáde, o ti bọ́ nìyẹn. Èyí tó wà lápá òsì náà ò gbọdọ̀ kàn rí bákan ṣá: ìlọ́po méjì iye pọ́ìntì, kó o yọ 2 kúrò, kó o tún yọ iye pọ́ìntì tó wà létí ìta pátápátá, òun ni iye onígun mẹ́ta tó yẹ kó o ní. Ká ní 31 ló wà létí ìta nínú 1,214 tìẹ, 2,395 ló máa jẹ́. Tó bá kéré sí ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí sọ́féyọ̀ ti wọn ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, torí Delaunay ò lè lo pọ́ìntì méjì tó jókòó sórí ara wọn, ọ̀kan ló máa mú.

O rí usecols yẹn, má fojú fò ó o. Ọ̀pọ̀ sọ́féyọ̀ ló máa ń kọ nọ́ńbà pọ́ìntì ṣáájú, lẹ́yìn ẹ̀ northing (bí ibẹ̀ ṣe lọ sí àríwá tó), kí easting (bó ṣe lọ sí ìlà oòrùn tó) tó dé, gíga wá tẹ̀ lé e, nígbà míì wọ́n á tún kọ ọ̀rọ̀ bíi igi tàbí gọ́tà síparí. Àwa tó jẹ́ pé x ṣáájú y ni wọ́n kọ́ wa nílé ìwé, a máa gbà pé èyí tó ṣáájú ni x, gbogbo ilẹ̀ á wá yí padà bí ìgbà téèyàn wo ara ẹ̀ nínú dígí, odò Asà á bọ́ sí òdìkejì. Àmọ́ ní Ìlọrin níbí ó rọrùn láti mọ̀ ọ́n yàtọ̀, a wà nínú zone 31 ti UTM, ètò máàpù tó ń fi mítà sọ ibi téèyàn wà, northing wa máa ń wà ní nǹkan bí 940,000, easting ní nǹkan bí 670,000, èyí tó bá fi 9 bẹ̀rẹ̀ ni northing, ó tán.

Àwọn nọ́ńbà gbàǹgbà yìí náà ló jẹ́ kí n yọ ibere, ìyẹn èyí tó kéré jù nínú kọ́lọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, kúrò. Python ò ní wàhálà pẹ̀lú wọn, àmọ́ púpọ̀ nínú sọ́fítíwíà tá a fi ń wo àwòrán ló ń tọ́jú nọ́ńbà ní float32, ọ̀nà ìtọ́jú nọ́ńbà tí kì í gba àyè púpọ̀, float32 ò sì lè rántí ju bíi dígíìtì méje lọ. Nítòsí 940,000, ìgbésẹ̀ tó kéré jù tó lè gbé jẹ́ 0.0625 mítà, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lé díẹ̀, torí náà ilẹ̀ tẹ́ ẹ fi ẹ̀rọ olówó ńlá wọ̀n á kàn máa ṣe gánnagànna bí àtẹ̀gùn. Yọ ọ́ kúrò kó o sì kọ ibere síbì kan, tọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó o dá ilẹ̀ padà sórí máàpù bá dé, ojú ẹ á pọ́n tó ò bá kọ ọ́.

Ọgbọ́n tí Delaunay ń lò kì í ṣe òní, ọdún 1934 ni Boris Delaunay ará Rọ́ṣíà ti gbé e jáde. Fa róbótó kan tó gba igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta onígun mẹ́ta kan kọjá, pọ́ìntì míì kankan ò gbọdọ̀ sí nínú róbótó yẹn, òfin ẹ̀ ò ju ìyẹn lọ. Òun ló ń jẹ́ káwọn onígun mẹ́ta sanra dípò kí wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, torí èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ á mú gíga ibí yìí lọ lẹ̀ mọ́ ti ibi tó jìnnà réré.

Àmọ́ etí ìta ni kó o ti ṣọ́ra, ibẹ̀ lèmi fúnra mi ti fara gbá. Ilẹ̀ kan tó ṣe kọ́rọ́ bíi lẹ́tà L ni mo ṣe nígbà kan, Delaunay sì rèé, kò mọ kọ́rọ́, ńṣe ló máa ń di gbogbo etí ìta bí ẹni fi okùn so ẹrù, ó fi àwọn onígun mẹ́ta gbọọrọ dí kọ́rọ́ yẹn pa, èmi náà ò wò ó dáadáa, mo fi ṣírò yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n máa fi kún ilẹ̀, bí wọ́n ṣe já típà mẹ́fà tí ẹnikẹ́ni ò nílò sílẹ̀ nìyẹn. Ọkùnrin tó nilẹ̀ ò bú mi, ó kàn ń wo yẹ̀pẹ̀ ó ń wò mí. Tó o bá ní àwọn òpó ààlà, ju gbogbo onígun mẹ́ta tí àárín ẹ̀ bọ́ síta ààlà nù. Tó ò bá ní, wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, ká ní mítà mẹ́wàá mẹ́wàá lẹ fi wọn pọ́ìntì, èyí tí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ bá ti ju bíi mítà 25 lọ, jù ú nù.

Tí gọ́tà bá gba inú ilẹ̀ náà kọjá, Delaunay lásán máa fi onígun mẹ́ta ṣe afárá lé e lórí, torí ta ló sọ fún un pé gọ́tà wà níbẹ̀. Sọ ọ́ fún un: láíbìrì kan wà fún Python tó ń jẹ́ triangle, iṣẹ́ Jonathan Shewchuk ló wà nídìí ẹ̀, á gbà kó o kọ ọ́ pé pọ́ìntì 40 sí 41, 41 sí 42, ìlà kan ni wọ́n, kí onígun mẹ́ta kankan má gé e kọjá, kó o wá fi lẹ́tà p pè é. Tí ò bá sí gọ́tà tàbí bèbè gíga lórí ilẹ̀ ẹ, má yọ ara ẹ lẹ́nu.

Tó o bá ń kọ ọ́ sí fáìlì OBJ, irú fáìlì tí wọ́n fi ń tọ́jú àwòrán tó ṣeé yí wò, rántí pé láti 1 ni OBJ ti ń ka pọ́ìntì, Python láti 0, torí náà fi 1 kún gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú awon, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìtẹ́ ẹyẹ yẹn á tún padà wá.

Ó wá ku ìkòkò màmá àgbà. Gbé Delaunay tì fún ìyẹn, Open3D, láíbìrì Python míì, ni kó o lò. Pọ́ìntì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní abẹ́rẹ́ kan lára tó ń fi hàn pé ìta rèé, normal ni wọ́n ń pè é, estimate_normals ló ń ṣe é, orient_normals_consistent_tangent_plane sì ni kó o fi jẹ́ kí gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Tí apá kan bá kọjú síta tí apá kan kọjú sínú, ìkòkò á so kókó. Lẹ́yìn ìyẹn lo máa wá pe Poisson, ọ̀nà láti sọ pọ́ìntì di ojú nǹkan tí Kazhdan, Bolitho àti Hoppe gbé jáde ní 2006, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú depth 8, ìyẹn ni pé á pín àpótí tó gbé ìkòkò náà sí 256 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 9 á sọ ọ́ di 512, RAM (àyè ìrántí) láptọ́ọ̀pù ẹ lo máa fi mọ èyí tó o lè gbé. Ibi tí ìkòkò dúdú yẹn bá ti ń dán, fóònù ò ní rí pọ́ìntì mú níbẹ̀, tún un yà níta nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú díẹ̀.

Ohun kan ni pé Poisson kì í fẹ́ fi ihò sílẹ̀, ó máa de ẹnu ìkòkò náà pa, á tún ṣe ìdí tí o ò yà wú bí ikùn. Nígbà tó bá dá mesh, ìyẹn ojú ìkòkò tó ti so pọ̀, padà fún ẹ, á tún fún ẹ ní densities, òun ló ń sọ iye pọ́ìntì tó ti ojú kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn. Gé èyí tó kéré jù nínú ẹ̀ dànù, bẹ̀rẹ̀ láti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kó o máa pọ̀ ọ́n díẹ̀díẹ̀ títí ẹnu ìkòkò á fi ṣí. Tó bá ti wá ń jẹ èjìká ìkòkò pẹ̀lú, o ti gé e jù, padà sẹ́yìn díẹ̀.