Ẹ Bi Wá: Ta ni stepbrother mi nínú gbogbo wọn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Dádì mi àti mọ́mì mi ti kọ ara wọn sílẹ̀ tipẹ́, ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà tí mọ́mì fẹ́ ẹlòmíì, sítísìn Amẹ́ríkà ni ọkọ wọn yìí, wọ́n ti ní ọmọ méjì tẹ́lẹ̀, mọ́mì sì ti bí ọmọbìnrin kan fún wọn. Dádì mi náà ti fẹ́ ìyàwó míì ní Mushin, ìyẹn bí ọkùnrin. Ọkọ mọ́mì fẹ́ fáìlì fún mi, ìyẹn ni pé wọ́n fẹ́ kọ ìwé sí ìjọba Amẹ́ríkà kí n lè wá máa gbé níbẹ̀, mo wá dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè fámílì nínú fọ́ọ̀mù, orí mi dàrú. Kí ni mo máa pe ta ni? Èmi ni, láti Yábà.

ÌDÁHÙN: Orí tìẹ nìkan kọ́ ló ń dàrú níbẹ̀ o. Dádì ẹ tó wà ní Mushin ni father, kódà kí wọ́n má fún ẹ ní kọ́bọ̀, fọ́ọ̀mù ò bi ẹ́ ní ẹni tó ń san school fees. Ọkọ mọ́mì, stepfather. Àwọn ọmọ méjì tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀, stepbrother tàbí stepsister, ẹ̀jẹ̀ ò pa yín pọ̀ rárá.

Ọmọbìnrin tí mọ́mì bí yẹn ni wọ́n máa ń ṣì pè. Half-sister ni, kì í ṣe stepsister. Lọ́dọ̀ tiwa iyèkan ẹ ni, ọmọkùnrin Mushin sì ni ọbàkan, àmọ́ òyìnbó ò bìkítà bóyá ìyá lẹ jọ ní tàbí bàbá, half náà ni àwọn méjèèjì. Inú fọ́ọ̀mù ni kó o fi half mọ sí o, tó o bá fi pe ọmọ yẹn nínú ilé, mọ́mì á gbá ẹ létí, mi ò sì ní bá ẹ bẹ̀ wọ́n.

Ọdún 15 tó o dárúkọ yẹn gan-an ló ṣe pàtàkì. Lófin Amẹ́ríkà, kí stepfather tó lè fáìlì fún ẹ bí ọmọ, ó gbọ́dọ̀ ti fẹ́ ìyá ẹ kó o tó pé ọdún 18. Tìẹ bọ́ sí i. Ìwé ìkọ̀sílẹ̀ mọ́mì àti dádì ló kù, wọ́n máa béèrè ẹ̀. Tó bá jẹ́ registry Ìkòyí ni wọ́n lọ nígbà yẹn, High Court nìkan ló lè tú u ká, tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ni. Tí mọ́mì bá ti wá inú àpótí tí wọn ò rí i, ẹ lọ gba ẹ̀dà tí kọ́ọ̀tù lu òǹtẹ̀ sí.