Ìwé tí wọ́n ní àbúrò mi fi jẹ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-ẹjọ́ gíga l'Ékòó rán àbúrò mi lẹ́wọ̀n ọdún 21 lórí ẹ̀sùn olè. Ìwé tó tẹ̀ka sí ní àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n gùn lé, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé, kò sì sí lọ́yà níbẹ̀. Ṣé ọ̀nà ṣì wà?

Ìdáhùn: Ó wà, àmọ́ ọjọ́ ń lọ. Ọjọ́ 90 péré láti ọjọ́ ìdájọ́ ló ní láti pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Ilé-ẹjọ́ tó dá a lẹ́bi gan-an lẹ ti máa fi ìwé ìpẹ̀jọ́ kòtẹ́milọ́rùn náà sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Bí ọjọ́ 90 bá ti kọjá, ẹ tọrọ àfikún àkókò, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó fa ìdádúró.

Ẹ gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ tó ní òǹtẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti mú ìwé ìjẹ́wọ́ náà jáde: ṣé lọ́yà rẹ̀ takò ó lójú ẹsẹ̀? Bó bá dákẹ́, iṣẹ́ ńlá ń bẹ níwájú. Òfin Èkó ní kí wọ́n ká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò, tàbí kí lọ́yà wà níbẹ̀. Bó bá sì jẹ́ Yorùbá ló sọ tí wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ṣògbufọ̀ gbọ́dọ̀ wá jẹ́rìí. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àgbọ́sọ lásán ni. Bí kò bá sówó lọ́yà, ẹ lọ sí Legal Aid Council, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́.