Ọkọ mi ń jẹ́ Wiśniewski, ìyá ẹ̀ ń jẹ́ Wiśniewska, kí ni ká wá kọ fọ́mọ wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Pólándì lọkọ mi, Manchester là ń gbé. Wiśniewski lorúkọ ìdílé ẹ̀ àmọ́ Wiśniewska ni ìyá ẹ̀ àti àbúrò ẹ̀ obìnrin ń jẹ́. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ, wọ́n ní obìnrin ni. Èwo ni ká kọ sínú ìwé ìbí ẹ̀? Ọkọ mi tún ní ìdílé ìjòyè làwọn tó bá ń jẹ́ -ski ti wá, ṣé òótọ́ ni àbí ó kàn ń fọ́nnu?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, a ó gbóhùn ìyá a ó gbóhùn ọmọ. Ẹ kọ -ska fún un. Orúkọ kan náà ni méjèèjì, iṣẹ́ títúmọ̀ ìwé Pólándì ni mò ń ṣe, ọ̀rọ̀ yìí sì ti sú mi í ṣàlàyé fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba jàre. Ọkùnrin á jẹ́ -ski, obìnrin á jẹ́ -ska, ìyàwó ni o, ọmọ ni o. Marie Curie tí gbogbo wa kà nípa ẹ̀ ní skúùlù, Maria Skłodowska ni wọ́n ń pè é nígbà tí wọ́n bí i ní Warsaw ní 1867, Skłodowski sì ni bàbá ẹ̀.

Orúkọ bíi Nowak kì í yí padà ní tiẹ̀, òun ló wọ́pọ̀ jù ní Pólándì, ẹni tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé abúlé ló túmọ̀ sí. Àmọ́ láyé àwọn ìyá àgbà wọn, ìyàwó Nowak á máa jẹ́ Nowakowa, ọmọ ẹ̀ obìnrin tí ò tíì lọ́kọ á máa jẹ́ Nowakówna. Ọmọ Èkó kan wà, August Agbola Browne, onílù jáàsì tó dé Pólándì ní 1922, tó kọ ọ́ sí fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ àwọn tó jagun ní 1949 pé òun wà lára àwọn tó dìde sí àwọn Jámánì ní Warsaw ní 1944. Zofia Pykówna lorúkọ obìnrin tó fẹ́ níbẹ̀, bí mo ṣe rí orúkọ yẹn báyìí, mo ti mọ̀ pé Pyk ni bàbá ìyàwó.

Ti ìjòyè yẹn, ọkọ yín ò parọ́, kò kàn sọ ọ́ tán ni. Àwọn ìjòyè onílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní szlachta ló kọ́kọ́ ń fi -ski sórúkọ ìlú wọn, ẹni tó ni Tarnów di Tarnowski, bí ìgbà téèyàn ń jẹ́ ará Ọ̀fà ló rí. Nígbà tó yá tí mẹ̀kúnnù rí i pé orúkọ yìí ní iyì, àwọn náà gbà á, ìdí nìyẹn tí Kowalski fi pọ̀ bẹ́ẹ̀, kowal ni àgbẹ̀dẹ, àgbẹ̀dẹ ò sì sí lábúlé wo? Wiśniewski ní tiẹ̀ ni ará Wiśniewo tàbí Wiśniew, inú wiśnia, ìyẹn ṣẹ́rì kíkan, lorúkọ abúlé ọ̀hún ti jáde, abúlé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ò sì ṣe é kà lórí ìka kan. Orúkọ nìkan ò lè sọ èwo ni tiyín, gbogbo Wiśniewski kọ́ ló sì bára wọn tan. Ẹ bi ìyá ọkọ yín léèrè ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fáwọn baba ńlá ọkọ yín, ìwé ibẹ̀ ló lè sọ bóyá ìjòyè ni wọ́n àbí àgbẹ̀. Tó bá jẹ́ apá ibi tí Rọ́ṣíà ń ṣàkóso nígbà yẹn ni, ẹ má jáyà tẹ́ ẹ bá rí i pé èdè Rọ́ṣíà ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é láti 1868 títí dìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní.

Ìwé ìbí wá ńkọ́? Ní England, òbí ló ń yan orúkọ tọ́mọ máa jẹ́, wọn ò lè fi dandan lé e pé kó bá ti bàbá mu léńtà sí léńtà. Tẹ́ ẹ bá kọ -ski, kò sẹ́ni tó máa mú yín, àmọ́ lọ́jọ́ tó bá dé Pólándì wọ́n á máa wò ó bí ìgbà tí wọ́n pe obìnrin ní bọ̀dá. Àmì orí ś yẹn ò ní hàn nínú páásípọ́ọ̀tù Bírítéènì, bí wọ́n ṣe máa ń gé ìdí ṣ tiwa náà nìyẹn, tẹ́ ẹ bá wá ń forúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Pólándì, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n á dá a padà. Bàbá lè máa dá mú un rìnrìn àjò o, kó máa mú ìwé ìbí ọmọ dání, torí ọlọ́pàá bọ́dà tí ò mọ̀ lè máa bi í pé ọmọ ta ni.