Ṣé 142857 lè mú yín jẹ lọ́tò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Bàbá kan ládùúgbò wa ń ta “nọ́ńbà alágbára” 142857. Ó ní bí a bá fi 2 títí dé 6 sọ ọ́ di púpọ̀, àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ náà ni yóò kàn máa yí po, pé ìdí nìyẹn tí 14, 28 àti 57 kò fi ní ṣàì jáde nínú lọ́tò. Mo tẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣé àárọ̀ ni kí n ta á àbí alẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ fi ti àárọ̀ àti alẹ́ sílẹ̀ ná. Òótọ́ ni ohun tí ẹ rí: ìlọ́po 2 jẹ́ 285714, ìlọ́po 3 jẹ́ 428571. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí bàbá yẹn fi dúró ní 6? Ẹ fi 7 sọ ọ́ di púpọ̀, 999999 ni yóò já sí. Àṣírí tú nìyẹn.

7 ló ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ fi 7 pín 1, ẹ ó rí 0.142857142857, kò sì ní parí láé. Bí a ṣe ń pín in lọ, àṣẹ́kù tó ń yọ ni 3, 2, 6, 4, 5, kó tó padà sórí 1. Àṣẹ́kù mẹ́fà yìí nìkan náà ló ṣeé ṣe, yàtọ̀ sí òdo. Bí ẹ bá wá fi 7 pín 2 tàbí 5, inú ìyípo kan náà lẹ bọ́ sí, ojú ibi tí ẹ gbà wọlé ló yàtọ̀. 17 náà ń ṣe é: 0588235294117647. Bóyá ó gùn jù láti tà ni.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé kíkà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ló gbé “agbára” yìí wọ̀. Ogún-ogún làwọn baba wa ń kà: ogún méjì ni ogójì, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ká ní bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ni, bí a bá fi 7 pín 1, 2 àti 17 nìkan ni yóò máa tún ara wọn ṣe. Níbo wá ni 14, 28 àti 57 wà?

Nínú lọ́tò tí wọ́n ti ń mú nọ́ńbà 5 nínú 90, bọ́ọ̀lù ò mọ ìdáméje. Ì báà jẹ́ 14 àti 28 lẹ mú, ì báà jẹ́ 3 àti 71, àǹfààní pé méjèèjì á jáde jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú nǹkan bí 400. Mi ò ní wọn ò lè jáde o; wọ́n lè jáde lọ́la, ẹ má wá pè mí ní òpùrọ́. Mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni ta tẹ́tẹ́.

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún bàbá yẹn. Bí ọmọ bá wà nílé, ẹ ní kó fi 13 pín 1, kó tún fi pín 2. Ìyípo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò rí, 076923 àti 153846. Ẹ jẹ́ kó wádìí ìdí rẹ̀ fúnra rẹ̀.