Láti ìrù ni púlọ́ọ̀gì ti ń kú

Àbúrò tó kọ̀wé láti Oǹdó, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní o fẹ́ ṣe púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tìrẹ, ọ̀kan fún iná òde ayẹyẹ, ọ̀kan fún wáyà máíkì, èyí tí ara rẹ̀ á jẹ́ irin tí ẹsẹ̀ èrò kò ní fọ́, o wá ń bèèrè irin tó dára jù. Ó ti lé ní ọdún 12 tí mo ti ń fi jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn jẹun ní Àkúrẹ́ níbí. Púlọ́ọ̀gì tó ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n àwọn tí ara wọn fọ́ nínú wọn kò pọ̀. Láti ìrù ni àwọn yòókù ti kú, níbi tí wáyà ti wọlé.

Jẹ́ kí n sọ èyí tó dójú tì mí jù. Mo ṣe ẹ̀kítẹ́ńṣọ̀n kan fúnra mi. Kí irun wáyà má baà fọ́n ká, mo yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí ẹnu rẹ̀, mo kì í bọ ihò púlọ́ọ̀gì, mo fi súkúrù dè é pinpin. Ó wù mí débi pé mo fi han ọmọ iṣẹ́ mi pé kó kọ́ ọ. Ó ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ ìgbéyàwó kan báyìí, àwọn olóúnjẹ fi ìgò omi gbígbóná oníná kún ohun tó wà lórí rẹ̀. Ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ gbóòórùn, ó ní ta ló jẹ́ kí ìrẹsì jó. Kì í ṣe ìrẹsì. Ike púlọ́ọ̀gì mi ló ti yọ́ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Lẹ́ẹ̀dì rọ̀. Bí súkúrù bá tẹ̀ ẹ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń sún kúrò lábẹ́ rẹ̀, bí ó bá tún gbóná, á yára sún sí i. Ojú ibi tí wọ́n ti pàdé á wá dẹ̀. Bí áńpù 13 bá ń gba ojú kan tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá óòmù péré, ooru wáàtì 17 ni yóò máa jáde níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù kékeré tí à ń fi yọ́ lẹ́ẹ̀dì ni o tì mọ́ inú ike yẹn. Láti ọjọ́ náà, ọ̀pá bàbà tín-ín-rín oníhò ni mo ń ki wáyà sí, màá fi ẹ̀mú rẹ̀ fún un pọ̀, lẹ́yìn náà ni súkúrù méjì á wá dè é. Bí o bá ń ya àwòrán tìrẹ, fi àyè súkúrù méjì sílẹ̀, má ṣahun rẹ̀.

Ohun tó ń di wáyà mú nínú ìrù yẹn, awọ òde wáyà ni kó gbá mú. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú kò gbọdọ̀ gba ìfà kankan. Kí o sì jẹ́ kí wáyà ẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń gbé iná tó ṣìnà lọ sínú ilẹ̀, gùn ju láífù tó ń gbé iná wá àti níútírà tó ń dá a padà lọ nínú ibẹ̀, pé bí ọmọ kan bá fà á já, ẹ́ẹ̀tì ni yóò já kẹ́yìn.

Níbi ara irin tí o fẹ́ràn yìí, ó dáa, ṣùgbọ́n irin náà gbọ́dọ̀ kan ẹ́ẹ̀tì, ẹ́ẹ̀tì sì gbọ́dọ̀ kan ara wọn kí láífù tó kan. Wo púlọ́ọ̀gì áńpù 13 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó wà nílé rẹ: ẹsẹ̀ òkè gùn ju méjì ìsàlẹ̀, òun náà ló ń ṣí ilẹ̀kùn ihò méjèèjì. (Ilẹ̀kùn tí àwa máa ń fi bírò ṣí nítorí ṣájà ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Ẹ jọ̀wọ́.) Ọ̀dọ̀ ibi tí iná ti ń bọ̀ ni sọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń wà. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kankan ṣe wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì ní orí àti ìdí láti fi jẹnẹrétọ̀ gbé iná wọlé. Bí orí kan bá yọ, iná wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbangba.

Inú sọ́kẹ́ẹ̀tì: idẹ lásán máa ń sọ agbára ìfúnmọ́ nù bí ó bá ti gbóná lẹ́ẹ̀mélòó kan. Bí o bá rí idẹ oníposíforọ́ọ̀sì, òun ni kí o lò; bí o kò bá rí, fi òrùka irin sípíríìngì gbá idẹ náà mọ́ra láti ẹ̀yìn.

Wáyà máíkì wá. Àwọ̀n bàbà tí wọ́n hun yí wáyà inú ká, èmi náà máa ń fi ìka lọ́ ọ bí òwú, màá wá fi lẹ́ẹ̀dì yọ́ ọ mọ́ ẹsẹ̀ kìn-ín-ní púlọ́ọ̀gì máíkì. Máíkì ń sọ̀rọ̀, ó parí. Títí di ọjọ́ ìdúpẹ́ kan tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ dì-dì-dì-dì fóònù pásítọ̀ nínú sípíkà ṣáájú kí fóònù náà tó dún. Ibi tí mo lọ́ bí òwú yẹn ni wáyà inú ti wà ní ìhòòhò, ìwọ̀n oríkèé àtàǹpàkò kan, ibẹ̀ ni ariwo fóònù gbà wọlé. Yí àwọ̀n náà padà sórí awọ òde, kí òrùka irin ara púlọ́ọ̀gì gbá a mọ́ yíká-yíká, bí ìró ṣe ń yí ìbàdí ká. Kí ara irin púlọ́ọ̀gì náà sì kan ara irin sọ́kẹ́ẹ̀tì yíká bákan náà.

Hùùù kíkùn tó ń wá láti ara iná yàtọ̀ síyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó jẹ́ pé míṣà, ẹ̀rọ tó ń po ohùn pọ̀, gba iná níhìn-ín, sípíkà gba tirẹ̀ lọ́hùn-ún. Fi wọ́n sójú iná kan náà. Àwọn kan máa ń gé ẹ́ẹ̀tì kí kíkùn náà lè dákẹ́. Mo gé e rí. Onígìtá wa fi ẹnu kan máíkì, ó ṣubú sẹ́yìn lórí ìlù. Ó yè é, ṣùgbọ́n kò bá mi ṣeré mọ́.

Fún òjò àti eruku ọyẹ́, fi rọ́bà sí ẹnu méjèèjì, so ìdérí mọ́ ọn kó má sọnù, kí o sì lu ihò kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ti òde kí omi ìrì lè sá jáde. Bí o bá rí púlọ́ọ̀gì aláwọ̀ búlúù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti áńpù 16 tí wọ́n ń lò ní ibi iṣẹ́ ńlá, tú ọ̀kan wò. Èyí tí wọ́n kọ IP67 sí lára, omi jíjìn mítà kan fún ìṣẹ́jú 30 kò wọ inú rẹ̀.

Bí o bá ṣe àkọ́kọ́ tán, so áyọ́ọ̀nù aṣọ méjì mọ́ ọn fún wákàtí kan, yọ ọ́, kí o sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà, tú u. Fọ́tò inú ìrù ni kí o fi ránṣẹ́ sí wa, fi ti ara dídán sílẹ̀.