Èsì: Ṣé fíìmù ló gbé Ethel Waters jáde?

Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín. Rárá o, fíìmù kọ́ ló sọ Ethel Waters, akọrin àti òṣèré aláwọ̀ dúdú, di ìlúmọ̀ọ́ká, orin ni. Ọdún 1896 ni wọ́n bí i ní Chester, ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní Amẹ́ríkà. Ìyá rẹ̀ àgbà ló tọ́ ọ, ìṣẹ́ sì bá wọn fínra gan-an. Nígbà tó fi máa di 1921, ó ti ń kọrin sínú àwo fún Black Swan, ilé-iṣẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú.

Àmọ́ eré As Thousands Cheer, tó ṣe ní Broadway, àdúgbò àwọn ilé eré orí ìtàgé ní New York, lọ́dún 1933, ló máa ń gbọ̀n mí lọ́kàn. Ó kọ orin "Supper Time" níbẹ̀. Nínú orin náà, obìnrin kan fẹ́ gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀ fáwọn ọmọ rẹ̀, kò sì mọ bó ṣe máa sọ fún wọn pé bàbá wọn ò ní wálé mọ́, torí àwọn jàǹdùkú ti pa á nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Iwájú àwọn aláwọ̀ funfun tó sanwó wá gbádùn ara wọn ló ti kọ ọ́! Ìgboyà ńlá nìyẹn.

Fíìmù Pinky, ti 1949, ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n yàn mọ́ àwọn tó ń du Oscar, àmì-ẹ̀yẹ ńlá fún fíìmù ní Amẹ́ríkà. Ó kú lọ́dún 1977.