Ẹ̀mí tí o kó jọ ni yóò ra oorun fún ọ: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ gbá Asteroids fún ọjọ́ méjì

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kétu ni mo ń gbé, iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe. Mo ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan tí mo fi MAME sí (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbá géèmù àwọn ẹ̀rọ àtijọ́), ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ káfíńtà sì ti bá mi kan àpótí kan, ó fi ọ̀pá ìdarí àti bọ́tìnì sí i kó lè jọ ẹ̀rọ géèmù olówó-ẹyọ ti àtijọ́. Asteroids ni mo fẹ́ràn jù, géèmù tí èèyàn ti ń fi ọkọ̀ kan yìn àwọn òkúta tó ń fò kiri. Mo ti gba 300,000 máàkì rí láàárín wákàtí kan àbọ̀. Mo gbọ́ pé àwọn kan gbá a tọ̀sán-tòru tí wọ́n fi gba 41 mílíọ̀nù. Èmi náà fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀bù ní ìparí ọdún. Oorun kì í dà mí láàmú, mo máa ń dúró di ìdájí ní òru Ẹ̀fẹ̀. Àmọ́ báwo ni mo ṣe máa dìde lọ tọ̀ nígbà tí géèmù ò dúró? Ẹ sì mọ̀ pé iná máa ń lọ ní ọ̀dọ̀ wa.

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o kú ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ tí o fi sí ìsàlẹ̀ yẹn ló yẹ kó ṣíwájú, torí òun ni gbogbo iṣẹ́ náà rọ̀ mọ́.

Asteroids tí Atari gbé jáde ní 1979 kò ní ibi tí èèyàn ti lè dá a dúró. Bí o bá dìde, ọkọ̀ rẹ wà lójú kan, òkúta ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ohun tí àwọn tó gbá a fún ọjọ́ méjì mọ̀ ni pé géèmù yìí ń fún èèyàn ní ọkọ̀ tuntun kan, ìyẹn ẹ̀mí kan, ní gbogbo 10,000 máàkì. Wọ́n á kó ọkọ̀ jọ bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń ju owó sínú kólò. Nígbà tí ìtọ̀ bá dé, wọ́n á dìde, wọ́n á jẹ́ kí òkúta máa fọ́ àwọn ọkọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì padà wá jókòó ti èyí tó bá ṣẹ́kù. Ẹ̀mí tí o kó jọ lo fi ń ra ìtọ̀, òun lo fi ń ra oúnjẹ, òun náà lo máa fi ra oorun díẹ̀ bí ó bá tó bẹ́ẹ̀. Kò sí owó mìíràn tí géèmù náà ń gbà.

Nítorí náà, mọ iye tí owó rẹ lè rà. Kó ọkọ̀ bí 20 jọ, mú fóònù rẹ, dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, kí o wo ìṣẹ́jú-àáyá tí 10 nínú wọn yóò fi parun. Fi 10 pín in. Ṣe é nígbà tí òkúta kún ojú ẹ̀rọ, kí o tún ṣe é nígbà tó bá ku òkúta kan ṣoṣo, nítorí iye méjèèjì kò lè dọ́gba. Ìwọ tí o jẹ́ télọ̀, o ò ní gé aṣọ kí o tó wọ̀n ọ́n.

Má sì rò pé bí kólò bá ṣe kún tó ló ṣe dára tó. Ẹni tó kọ ètò Asteroids kò fi ààlà sí iye ọkọ̀ tí èèyàn lè ní, gbogbo wọn ni ẹ̀rọ sì ń yà sókè ojú rẹ̀. Tí o bá ti ní bíi 50 sí 100, wàá rí i pé géèmù ń falẹ̀. Tí o bá kọjá 250, ó lè parí mọ́ ọ lọ́wọ́ lójijì. Àpò kan tí irú ẹ̀rọ ìgbà yẹn ń fi nọ́ńbà pamọ́ sí kò lè gba iye tó ju 255 lọ. Èyí tó bá lé e, òdo ló ń padà sí.

255 yìí ló pa ọ̀pọ̀ géèmù ìgbà yẹn, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé o yan géèmù tó dára. Pac-Man kò ṣeé fi ṣe ọjọ́ méjì: tó bá dé ìpele 256, ìdajì ojú ẹ̀rọ á dàrú di lẹ́tà àti àwòrán tí kò ní ìtumọ̀, kò sí ọ̀nà láti jẹ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ tán. Máàkì tó pé pérépéré nínú rẹ̀ kò ju 3,333,360 lọ. Ti Donkey Kong, géèmù tí ọkùnrin kékeré kan ti ń gun àkàbà, tún pa mí lẹ́rìn-ín ju ìyẹn lọ. Ìpele tí o wà ni yóò fi 10 sọ di púpọ̀, yóò fi 40 kún un, ìyẹn ni yóò fi ṣe aago rẹ. Ní ìpele 22, ó di 260. Àpò kò gbà á, a yọ 256, ó ku 4. Aago tó ku 4 kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé òkè àkàbà, ọkùnrin kékeré náà á kàn ṣubú kú ni.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ iyára. Ibí ni mo ti fẹ́ kí o gbọ́ mi dáadáa.

John McAllister ló gba 41,338,740 ní oṣù kẹrin ọdún 2010. Wákàtí 58 ló fi ṣe é, lójú àwọn tó ń wò ó láàyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ọdún 15 kan tó ń jẹ́ Scott Safran ló ti gba 41,336,440 láti oṣù kọkànlá ọdún 1982, kò sì sí ẹni tó kọjá rẹ̀ fún ọdún 27. Wo àlàfo tó wà láàárín àwọn méjèèjì: 2,300 máàkì. Lẹ́yìn wákàtí 58, ohun tó fi ṣẹ́gun kò tó ọkọ̀ òfuurufú kékeré mẹ́ta ti ọ̀tá tí èèyàn yìn lulẹ̀, nítorí 1,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Fi 58 pín máàkì yẹn, wàá rí i pé ó lé ní 710,000 ní wákàtí kan. Ìyẹn ni pé ó ń gba ọkọ̀ tuntun tó ju ọ̀kan lọ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ìwọ gba 300,000 láàárín wákàtí kan àbọ̀, 200,000 ní wákàtí kan nìyẹn. Bí o bá ń rìn báyìí, wákàtí 207 ni yóò gbà ọ́ kí o tó dé ibẹ̀, ó ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ, láìsùn. Ẹ̀mí kan ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta kò sì lè ra oorun fún ẹnikẹ́ni. Kí o tó ronú nípa ọjọ́ méjì, iyára rẹ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Oṣù púpọ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìparí ọdún yìí.

Ibi tí iyára wà ni ọdẹ. Fọ́ àwọn òkúta, dá ọ̀kan kékeré sí, má yìn ín, kí o máa rìn yí ojú ẹ̀rọ ká, kí o máa dọdẹ àwọn ọkọ̀ òfuurufú kékeré tó ń wọlé. Lẹ́yìn 40,000, kékeré nìkan ló kù tó ń wá. Mẹ́wàá nínú wọn, ẹ̀mí kan. Òkúta ńlá 20 péré ni, àárín 50, kékeré 100. Ẹni tó bá ń fi òkúta wá máàkì, akọ iṣẹ́ ló ń ṣe. Atari mọ̀ nípa ọgbọ́n yìí nígbà náà, wọ́n sì gbìyànjú láti dí i nínú Asteroids Deluxe. Èyí tí kì í ṣe Deluxe ni kí o máa gbá o.

Sọ fún káfíńtà rẹ pé kó yọ ọ̀pá ìdarí kúrò. Asteroids gidi kò ní ọ̀pá. Bọ́tìnì márùn-ún ni: yí sósì, yí sọ́tùn-ún, tì síwájú, yìn, àti èyí tó ń gbé ọkọ̀ pòórá lọ síbòmíràn. Ọwọ́ tó bá mọ ọ̀pá mọ́ra kò ní yára tó láéláé.

Ní ti ẹ̀rí: Twin Galaxies, tí Walter Day dá sílẹ̀ ní Ottumwa ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà ní 1981, ni ibi tí ọ̀pọ̀ ń kọ àṣeyọrí sí. Wọ́n ya àtòjọ ẹ̀rọ gidi sọ́tọ̀ kúrò lára ti MAME. 41 mílíọ̀nù yẹn, ẹ̀rọ gidi ni. Lọ wo ẹni tó wà lókè àtòjọ ti MAME, kí o sì ka òfin rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀: oríṣi MAME tí wọ́n gbà, iye ọkọ̀ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, àti fídíò tí kò gé láti ìgbà tí o tan ẹ̀rọ títí o fi pa á. Àwọn agbágéèmù bíi tìrẹ ló ń yẹ fídíò náà wò tí wọ́n ń dìbò, ojú wọn sì mú ju ti àwọn àṣọ́bodè lọ.

Ohun kan wà tí èèyàn kì í rántí. Asteroids kò lè fi ju 99,990 hàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó padà sí òdo. Safran kọjá òdo yẹn nígbà 413. Ta ló ń kà á fún ọ? Mú ẹnì kan tí kì í tòògbé, fún un ní ìwé àti bírò, kó máa fa ilà kan ní gbogbo ìgbà tó bá yí, kó sì kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́nà Ouando, ní Àjàṣẹ́ níbí, a jókòó ti ọmọkùnrin kan fún wákàtí 26. Èmi ni mo fi káàdì sínú kámẹ́rà, èmi náà ni mi ò wo bó ṣe tóbi tó. Ó ti kún ní wákàtí kọkànlá, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ọmọ ọlọ́mọ, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Kámẹ́rà méjì ni mò ń lò báyìí, mo sì máa ń pààrọ̀ káàdì wọn ní àsìkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Iná kò le tó bí o ṣe rò. Kọ̀ǹpútà alágbèéká, kámẹ́rà àti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kékeré kò ní jẹ ju bíi 80 wáàtì lọ. Bátìrì 12 fóòtì tó jẹ́ 100 Ah ní bíi 1,200 wáàtì-wákàtí nínú. Má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ bó bá jẹ́ olómi, kó má baà kú ní kíákíá. 600 tó kù yẹn yóò gbé ọ fún bíi wákàtí mẹ́fà, nígbà tí o bá ti yọ èyí tó ń ṣòfò. Ó tó fún ọ̀pọ̀ ìgbà tí iná ń lọ. Àmọ́ ohun tó ń pa géèmù kì í ṣe wákàtí mẹ́fà òkùnkùn, ìṣẹ́jú-àáyá kan tí iná fi ṣẹ́jú ni. Rí i dájú pé bátìrì kọ̀ǹpútà náà ṣì ń gbé iná fúnra rẹ̀. Bí ó bá ti kú, ra onduleur tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ gidi láti Amẹ́ríkà, 110 fóòtì lòun, 220 ni tiwa níbí. Láìsí tiransífọ́mà, á jóná kó tó gba máàkì kan.

Ọ̀rọ̀ oorun ló kù, ibẹ̀ sì ni mo ti ń bá ọ jà díẹ̀. Má fi òru Ẹ̀fẹ̀ wọn ara rẹ. Òru kan ni Ẹ̀fẹ̀, orí ìdúró lo wà, èèyàn yí ọ ká, wọ́n ń gbe orin, onílù ń pààrọ̀ ọwọ́. Nídìí Asteroids, ìwọ nìkan ni, orí ìjókòó, òkúta funfun nínú òkùnkùn, ìlù tí kò ní ju ohùn méjì lọ. Ìyẹn gan-an ni à ń fi rẹ ọmọ sùn.

Ẹni tó bá ti wà lójúfò fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ojú rẹ̀ ti falẹ̀ bíi ti ẹni tó mutí. Láàárín aago mẹ́ta sí márùn-ún ìdájí ni ara máa ń wálẹ̀ jù: ojú á là sílẹ̀, ọpọlọ á ti sùn fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, o ò tiẹ̀ ní mọ̀. Nítorí náà kó ẹ̀mí jọ kí aago mẹ́ta tó lù, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Guinness fúnra wọn ti jáwọ́ nínú kíkọ àkọsílẹ̀ ẹni tó pẹ́ jù láìsùn láti 1997, nítorí ewu rẹ̀. Ní 2005, ọkùnrin kan kú ní Gúúsù Kòríà lẹ́yìn tó gbá géèmù orí kọ̀ǹpútà fún bíi wákàtí 50.

Má fi omi du ara rẹ torí kí o má baà tọ̀. Ìtọ̀ ni o fi ẹ̀mí rà, má fi kíndìnrín rà á. Dìde dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kódà bí ọwọ́ rẹ ṣì wà lórí bọ́tìnì, máa fi ìka ẹsẹ̀ gbé ara sókè, torí ẹ̀jẹ̀ máa ń dì nínú ẹsẹ̀ tó jókòó pẹ́. Ẹ̀kọ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ni kí wọ́n máa fún ọ. Àkàrà á fi òróró ba bọ́tìnì jẹ́. Bí àyà bá ń dùn ọ́, bí ẹsẹ̀ kan bá wú ju èkejì lọ, tàbí bí o bá ń rí ohun tí kò sí lójú ẹ̀rọ, pa á, kí o lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó bá parí, ẹlòmíràn ni kó gbé ọ lọ sílé. O ò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà rẹ.

Ọjọ́ Sátidé tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, gbìyànjú wákàtí 12 péré, kámẹ́rà méjì, ẹni tó ń ka òdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, fi iye mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi: máàkì rẹ ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú-àáyá tí ọkọ̀ kan ń gbé láìsí ọwọ́ rẹ, àti ìgbà tí o dìde. Láti ibẹ̀ ni a ó ti mọ̀ bóyá ọdún tó ń bọ̀ ni tàbí èyí tó tẹ̀ lé e.